Àdúrà fún Àwọn Afọbajẹ

Iṣẹ́ tí Bọ́ládé ń ṣe jẹun ni kí ó máa gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Àwọn kan á na apá, iṣan wọn á yọ gedegbe bí okùn. Àwọn kan sì wà tí iṣan wọn máa ń sá pamọ́, pàápàá àwọn àgbà tí òtútù ti mú ní ibùdókọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í bá irú wọn jà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ẹ mú Bàbá yìí lọ bá Bọ́ládé." Bọ́ládé kì í kánjú. Á fi ìka tẹ apá náà, á dákẹ́, á tún tẹ̀ ẹ́, á ní kí ẹni náà sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tàbí ajá rẹ̀ fún òun, títí iṣan náà á fi gbàgbé pé wọ́n ń wá òun kiri.

Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni ìtàn, bákan náà ló sì ṣe ń ṣe é. Ó ti gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn ní Nàìjíríà kó tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ Lọ́ńdọ̀nù kò bi í léèrè ohun tó kọ́. Ó fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní Peckham, ó tọ́jú arúgbó ní Camberwell, ó bímọ, ó kó wá sí Mayesbrook ní Barking nígbà tí owó ilé ní gúúsù odò Thames ti ga ju agbára àwọn bíi tiẹ̀ lọ. Ìgbà tí Dárasími, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ló tó padà sí yunifásítì, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́rùn, láti di dókítà nínú ìmọ̀ náà. Ohun tó yàn láti wádìí ni bí àwọn ará Barking àti Dagenham, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ń wo ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé òde òní. Kí ni adé jẹ́ fún ẹni tí ń jí wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù?

Olúfẹ́mi ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kò yéé fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá Dárasími, àwọn tó ni ọba kò wádìí ọba wọn, ìwọ ọmọ Ìbàdàn lo wá ń bá wọn wádìí ẹ̀."

"Àwọn náà wádìí àwọn ọba tiwa nígbà kan. Wọn ò tọrọ àyè lọ́wọ́ wa."

"Ó dáa o. Tó o bá dé ààfin, bá mi bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń san owó iná."

Ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó òyìnbó ní Thames View, àdúgbò kan ní Barking, ló ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan gbé ife kan jáde fún un, tí wọ́n ya adé sí lára, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi mu nǹkan rí. Ọkùnrin kan, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò, sọ fún un pé òun kò dìde fún orin ọba rí, pé ẹsẹ̀ òun kò sì dun òun. Gbogbo rẹ̀ ló gbà sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ó dára, àmọ́ ó ti ka irú rẹ̀ nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn. Ó mọ̀ pé òun kò tíì rí iṣan.

Ó wá yíjú sí ilé. Ìjọ Aládùúrà tó ń lọ wà nínú gbọ̀ngàn kan ní àárín ìlú Barking, kò jìnnà sí ọjà East Street. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń bọ́ bàtà sí, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń fi wọlé nínú aṣọ funfun, kò sì sí ọjọ́ Àìkú kan tí wọn kì í gbàdúrà fún ẹni tó wà lórí ìtẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé. Ẹni tó ń ṣáájú wọn nínú àdúrà náà ni Ìyá Àdúrà. Àrínọlá lorúkọ rẹ̀, àmọ́ oyè rẹ̀ nìkan lẹnu gbà. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, opó ni, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rán kọ́tìnì ní ilé iṣẹ́ kan kí ó tó fẹ̀yìn tì, fúláàtì rẹ̀ ní Thames View sì kún fún kọ́tìnì tó rẹwà ju fèrèsé lọ.

Bọ́ládé gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí tábìlì. "Mà, ọjọ́ tí wọ́n dé ọba tuntun yìí ládé, báwo ló ṣe rí fún yín?"

"Ọjọ́ náà dùn. Ọjọ́ náà la kọ́kọ́ pe orúkọ ẹ̀ nínú àdúrà."

"Ọjọ́ náà kẹ̀? Ó ti jọba láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú, mà."

"Ta ló jọba?" Ìyá Àdúrà wò ó bí ẹni pé ara rẹ̀ kò yá. "Ìwọ tó o kàwé. Oṣù kẹsàn-án ni ìyá ẹ̀ wàjà. Oṣù karùn-ún ni wọ́n tó gbé adé lé e lórí. Ẹni tí wọn ò tíì dé ládé, ibo ló ti ń jẹ́ ọba?"

Bọ́ládé rọra sún ẹ̀rọ náà mọ́ ọn. "Ta lẹ wá ń gbàdúrà fún ní gbogbo oṣù yẹn?"

"Àwọn afọbajẹ. Mo ní kí Olúwa má jẹ́ kí wọ́n jà. Kí ọ̀tẹ̀ má wọ àárín wọn, kí ẹnikẹ́ni má fi owó fọ́ ojú wọn. Mo gbààwẹ̀ sí i. Ṣé o rí i pé wọn ò jà?"

"Mà, kò sí afọbajẹ níbí."

"Kò sí kẹ̀? Ta ló wá yàn án?"

"Kò sẹ́ni tó yàn án. Bí èémí ṣe bọ́ lẹ́nu ìyá ẹ̀ báyìí, ó ti di ọba."

Ìyá Àdúrà sún síwájú lórí àga. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wo Bọ́ládé. "Láìwọ ìpèbí? Kò sẹ́ni tó tì í mọ́lé kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jọba?" Ó mi orí. "Háà! Àwọn èèyàn yìí láyà o!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí Bọ́ládé ń lọ sí ibùdókọ̀, ara rẹ̀ fúyẹ́. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ìjọ kan ní Barking ti kúnlẹ̀ gbàdúrà fún àwọn afọbajẹ tí kò sí níbì kankan láyé. Àṣìṣe ni lóòótọ́. Àmọ́ inú àṣìṣe náà ni èrò kan wà: pé adé kì í jábọ́ láti orí ìyá sórí ọmọ, pé àwọn èèyàn kan ló gbọ́dọ̀ gbé e wá. Kò ka irú èyí nínú ìwé ẹnikẹ́ni rí. Ó lọ bá Bàbá Àpọ́sítélì Oyèbánjí, olórí ìjọ, ó lọ bá àwọn àgbà yòókù, ọ̀rọ̀ wọn sì bá ti Ìyá Àdúrà mu. Gbogbo wọn ló gbà kí ó kọ ọ́. Orí kan gbáko nínú ìwé rẹ̀ ló fi sọrí rẹ̀, orí náà ló sì gbé ìwé náà ró.

Yunifásítì ní kí ó wá sọ díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ níbi àpérò kan. Ẹ̀rù ń bà á. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bí sínú yàrá yẹn. Nígbà tó kàn án, ó wá nǹkan tí yóò fi tu ara rẹ̀ lára, ó sì mú ọ̀rọ̀ àwọn afọbajẹ. Ó sọ ọ́ bí àpárá. Ó tiẹ̀ sín ohùn Ìyá Àdúrà jẹ: "Ta ló wá yàn án?" Ẹ̀rín bú ní gbogbo yàrá. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Bọ́ládé náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù rẹ̀ sì lọ. Ìgbà tó ń kó ìwé rẹ̀ ló rí Jésùfẹ́mi lẹ́yìn yàrá, ọmọ ọmọ Ìyá Àdúrà, tó ń kàwé níbẹ̀. Ó juwọ́ sí i. Ọmọkùnrin náà kò juwọ́ padà.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, níbi tí olúkúlùkù ti ń wá bàtà rẹ̀, Ìyá Àdúrà pè é.

"Sístà Bọ́ládé." Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ mi ló máa ń pè é. "Jésùfẹ́mi ní mo pa àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́rìn-ín."

"Mà, mi ò dárúkọ yín."

"O ò dárúkọ mi, ohùn mi lo mú lọ. Ọmọ yẹn ní òun gbọ́ ohùn ìyá òun lẹ́nu ẹ, àwọn òyìnbó sì ń lu tábìlì." Ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà kan, ó wá ìkejì. "Gbogbo nǹkan tí mo sọ sínú ẹ̀rọ ẹ, pa á rẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n..."

"Pa tèmi náà rẹ́," ni Bàbá Àpọ́sítélì wí láti ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí, tó ń so okùn bàtà rẹ̀. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Àwọn àgbà yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kí gbọ̀ngàn náà tó ṣófo, kò ku ohùn kan tí Bọ́ládé ní àṣẹ láti lò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yọ orí náà kúrò. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó Thames View ti tó láti fi kọ ìwé, ó sì ti tó àkókò láti parí rẹ̀.

"Láìsí orí yẹn, ìwé mi kò sọ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ," ni Bọ́ládé wí.

"Àmọ́ wọ́n ti kọ̀. A kò lè lo ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ̀."

"Mo mọ̀. N kò ní lò ó bí wọ́n bá kọ̀. Mo fẹ́ lọ tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Olúfẹ́mi náà kò rí ìdí rẹ̀. "Yọ ọ́ jàre. Ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ lọ́jọ́ Àìkú, kì í ṣe kóòtù."

"Tí mo bá tún nǹkan tí mo bà jẹ́ ṣe, tí Ìyá Àdúrà ṣì ní rárá, èmi fúnra mi ni màá pa á rẹ́, mi ò sì ní ráhùn. Àmọ́ mi ò tíì tún un ṣe."

"O máa ń le bí eegun."

"O mọ̀ kó o tó fẹ́ mi."

Nígbà tó ṣíwọ́ iṣẹ́, ó wọ bọ́ọ̀sì Thames View lọ bẹ Ìyá Àdúrà. Nígbà àkọ́kọ́, kọ́tìnì mì lójú fèrèsé, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Ó tún lọ. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá Àdúrà ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, kò tú ẹ̀wọ̀n rẹ̀.

"Kí lo tún fẹ́ gbà lára mi? Ẹ̀jẹ̀ ló kù."

Bọ́ládé kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó tutù. Obìnrin òyìnbó kan tó ń gbé àpò ọjà kọjá dúró, ó bi wọ́n bóyá kò sí wàhálà.

"Dìde, dìde," ni Ìyá Àdúrà sọ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń tú ẹ̀wọ̀n. "Kí wọ́n má rò pé mo lù ọ́. Wọlé!"

Kò fún un ní tíì. Ó jókòó, ó káwọ́ sáyà. Bọ́ládé bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì: ó ní ẹ̀rù ló ba òun, pé òun kò ní irú rẹ̀ lọ́kàn.

"Ẹ̀rín ò bí mi nínú," ni Ìyá Àdúrà wí. "Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín ẹ̀ níbí. Ohun tí mo fẹ́ kó o sọ fún mi ni pé, nígbà tó ò ń sọ fún wọn pé ìjọ kan wà tó ń gbàdúrà fún afọbajẹ, ìwọ dà?"

"Mà?"

"Ìwọ dà nínú ọ̀rọ̀ yẹn? Gbogbo ọjọ́ Àìkú yẹn, ẹ̀yìn mi lò ń kúnlẹ̀ sí. Mò ń gbọ́ àmín ẹ. Ohùn ẹ ló máa ń ga jù."

Bọ́ládé rántí àwọn ọjọ́ Àìkú náà. Òótọ́ ni. Ó wà níbẹ̀. Òun tó mọ ọjọ́ tí ọba kọ̀ọ̀kan gorí ìtẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ayé àtijọ́, ó ti dijú, ó ti ṣe àmín sí àdúrà àwọn afọbajẹ láti ìgbà ìwọ́wé títí di ìgbà ìrúwé, kò sì sí ọjọ́ kan tó ṣe é ní kàyéfì. Ó ti dà bí ohun tó yẹ. Ìgbà tó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ tó sì di òpìtàn ló tó gbọ́ ọ bí ohun àjèjì, ó sì lọ sọ ọ́ fún àwọn èèyàn bí ẹni tó rí àwọn kan láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

"Àwa ló dọ̀bọ, ìwọ lo di ọ̀mọ̀wé," ni Ìyá Àdúrà wí.

"Mà, màá tún un kọ. Màá kọ ara mi sí i."

"Kíkọ kọ́. Ibi tó o ti sọ ọ́ ni kó o padà sí. Àwọn tó rẹ́rìn-ín yẹn náà ni kó o sọ ọ́ fún. Màá sì wà níbẹ̀. Tí mo bá gbọ́ ọ tán, màá sọ ohun tí mo rí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ẹnì kan kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, àyè sì ti kún títí ìparí sáà. Bọ́ládé ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ó kọ̀wé, ó tẹ fóònù, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ ilé ìwòsàn lọ́rùn. Níkẹyìn wọ́n fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ìgbà tí ọkàn gbogbo èèyàn ti wà nílé. Ó gbà á.

Ó fi àwọn ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín tún orí náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kàwé ní yàrá ìkàwé Barking, ó kàwé lórí bọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ló ti padà bá nǹkan kan tó ti kà nígbà tó wà ní Nàìjíríà, tí kò kà sí nígbà náà. Títí di nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kì í ka ọdún ọba wọn àyàfi láti ọjọ́ tí wọ́n bá dé e ládé. Ìgbà tí ọba kan kú, tí àrẹ̀mọ rẹ̀ sì wà lójú ogun lókè òkun, ni wọ́n ní àwọn kò lè dúró dè é, tí wọ́n pè é ní ọba kó tó dé. Bọ́ládé kò kọ ọ́ pé Ìyá Àdúrà tọ̀nà. Kò tọ̀nà, òfin ilẹ̀ yìí ti yí padà tipẹ́. Ó kọ ọ́ pé ìbéèrè kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dáhùn tí wọ́n sì ti gbàgbé pé ìbéèrè ni, àti pé àwọn kan tún ti gbé e dé Barking nínú aṣọ funfun.

Lọ́jọ́ náà, Ìyá Àdúrà wọ sùtánà rẹ̀, ó da kóòtù dúdú lé e. Àwọn méjèèjì wọ bọ́ọ̀sì dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Barking, wọ́n sì wọ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé yàrá àpérò, Ìyá Àdúrà wọlé ṣáájú. Ó jókòó sí ìlà iwájú, ó bọ́ kóòtù, funfun rẹ̀ sì mú kí gbogbo yàrá náà máa wò ó.

Bọ́ládé bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi àwọn afọbajẹ, ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, àwọn méjì mìíràn sì tẹ̀ lé e. Bọ́ládé dúró kí wọ́n rín in tán. Ó gbé ìwé rẹ̀ lé tábìlì.

"Ẹ̀rín wà níbẹ̀," ni ó wí. "Nígbà tí mo sọ ọ́ níbí lẹ́ẹ̀kan, mo sọ ọ́ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Èmi náà gbàdúrà fún àwọn afọbajẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ṣe àmín. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín ìdí tí kò fi ṣe mí ní kàyéfì."

Ó ṣàlàyé. Kò sín ohùn ẹnikẹ́ni jẹ. Nígbà tó parí, obìnrin kan bi í bóyá ìjọ náà gbà nígbà náà pé ilẹ̀ yìí kò ní ọba. Bọ́ládé ti ń wá èsì tó mọ́gbọ́n dání nígbà tí Ìyá Àdúrà gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Ẹ má bi í," ni ó wí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ohùn Abẹ́òkúta rẹ̀. "Èmi ni mo gba àdúrà náà. Mo ṣì í. Àmọ́ nínú àdúrà fún ilẹ̀ yín ni mo ti ṣì í. Ẹ̀yin mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi. Mo gbààwẹ̀ lásán!"

Yàrá náà tún bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu itan. Lẹ́yìn náà ló wo Bọ́ládé, ó sì ṣe díẹ̀ kó tó gbójú kúrò.

Ọkọ̀ ojú irin kún nígbà tí wọ́n ń padà. Ọkùnrin kan dìde fún Ìyá Àdúrà, Bọ́ládé sì dúró níwájú rẹ̀, ó di irin mú. Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Barking, Ìyá Àdúrà gbójú sókè wò ó.

"Kọ ọ́," ni ó wí. "Fi orúkọ mi sí i. Àrínọlá ni kó o kọ, kì í ṣe 'ìyá àgbà kan ní Thames View'."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé gan-an ni."

"Má tíì dúpẹ́. Tèmi nìkan ni mo fún ẹ. Bàbá Àpọ́sítélì ṣì ń bínú o. Mi ò ní bá ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹnu ara ẹ ni wàá fi bẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ó wà nílé báyìí, mà?"

Ìyá Àdúrà wò ó láti òkè délẹ̀. "Lónìí kẹ̀? Ṣé kò rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ó rẹ̀ mí, mà."

Ọkọ̀ dúró. Bọ́ládé sin ìyá náà dé ibi tí bọ́ọ̀sì Thames View ti ń gbéra, ó dúró títí ó fi rí àyè jókòó. Ó tẹ Olúfẹ́mi láago pé kí wọ́n má dúró de òun láti jẹun. Lẹ́yìn náà ló kọjá sí òdìkejì títì, ó wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ọ̀nà ilé Bàbá Àpọ́sítélì.